Páálí Tó Fì Sápá Kan

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọbìnrin adìpáálí fojú kan ọmọkùnrin yìí, ṣe ló ń sáré káàkiri pápá tó wà lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí, tó na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ tó ń já bọ́ látorí igi. Dróònù kan ló ń sá tẹ̀ lé. Ẹ̀rọ náà ò tíì ga ju òrùlé lọ tí páálí tó so mọ́ abẹ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú, tó ń fì sọ́tùn-ún bí ọ̀mùtí tó ń wá ọ̀nà ilé. Nígbà tó yá, ó tú ẹrù ọ̀hún sílẹ̀. Ọmọkùnrin náà fò sókè, ó fi àyà gba páálí, òun àtòun sì jọ balẹ̀ sínú koríko.

Ojú fèrèsé tábìlì rẹ̀ ni ọmọbìnrin náà ti ń wò ó. Ẹ̀rín pa á débi pé téèpù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì rẹ́rìn-ín tán tí ilẹ̀kùn fi ṣí, tí ọmọkùnrin náà wọlé tòun ti páálí, koríko lára, koríko lórí, tó sì béèrè ẹni tó dì í.

"Èmi ni," ọmọbìnrin náà dáhùn. Ẹ̀rín tán lójú ẹ̀. Kò tíì pẹ́ tó dé ibi iṣẹ́ náà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgò oyin wà lápá kan, sálúbàtà wà lápá kejì. Ṣé ẹ rò pé méjèèjì wúwo bákan náà ni?"

"Mi ò bi wọ́n."

Ọmọkùnrin náà fẹ́ fajú ro, àmọ́ ojú kọ̀ fún un. Ó tú páálí náà, ó sì fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ẹrù tó ń lọ nínú ọkọ̀ lè jókòó bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n èyí tó máa so rọ̀ lójú ọ̀run, àárín gbùngbùn ni ìwúwo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, ohunkóhun ò sì gbọ́dọ̀ yí nínú ẹ̀. Ó gbé oyin sí àárín, ó fi bébà wé e, ó fi sálúbàtà ṣe ọgbà fún un lọ́tùn-ún lósì. Ó wá gbé páálí náà sún mọ́ etí ọmọbìnrin náà, ó gbọ̀n ọ́n jẹ́jẹ́.

"Kí lẹ gbọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ó ti dáa nìyẹn."

Irọ́ ni ọmọbìnrin náà pa. Ọkàn rẹ̀ ló ń gbọ́, tó ń lù kì-kì-kì, tó sì ń bẹ̀ ẹ́ kó má pariwo.

Awòkè ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pe ọmọkùnrin náà, torí bó bá ń kí èèyàn pàápàá, ojú rẹ̀ á ti wà lójú ọ̀run, bóyá dróònù kan ń padà bọ̀. Kò pẹ́ tí ọmọbìnrin náà fi gba orúkọ tirẹ̀ náà. Ọwọ́ Òwú ni wọ́n sọ ọ́. Kíákíá ni gbogbo nǹkan ń lọ níbẹ̀. Ẹnì kan á tẹ fóònù rẹ̀ nílé, wọn á mú ohun tó rà látorí pẹpẹ, Ọwọ́ Òwú á wá páálí tó bá a mu, á dì í, ó di orí òṣùwọ̀n. Kí omi tí oníbàárà gbé kaná tó hó, ẹrù rẹ̀ ti ń fi okùn sọ̀ kalẹ̀ sí àgbàlá rẹ̀. Ife gíláàsì, ìgò lọ́fínńdà, gílóòbù iná, kò sí èyí tí Ọwọ́ Òwú ò lè dì tí kò ní dé láyọ̀. Ìyá Òṣùwọ̀n, ọ̀gá wọn tó máa ń jókòó ti ìwọ̀n bí adájọ́, tí kì í yin ẹnikẹ́ni, sọ lọ́jọ́ kan pé òun lè fi eyín òun sínú páálí ọmọ yìí kí dróònù gbé e lọ.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí páálí kankan ò fì mọ́, kí ló máa gbé Awòkè wá sídìí tábìlì? Á kọjá lójú fèrèsé, á juwọ́, á tún gbójú sókè, ó parí. Ọmọbìnrin náà fara dà á títí, ìfaradà rẹ̀ tán. Lọ́jọ́ kan, ó mú agolo páúdà kan, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì rọra tì í sí kọ̀rọ̀ páálí.

Kò pẹ́ tí ilẹ̀kùn fi ṣí.

"Ọwọ́ Òwú, èyí fì o."

"Ó mà ṣe o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un ṣe."

Kò sí ẹrù tí Awòkè máa ń so mọ́ dróònù tí kì í kọ́kọ́ gbé ka ìka méjì wò. Ìdí nìyẹn tó fi rí i. Nígbà tó tú u, ó rí bí wọ́n ṣe ṣẹ́ bébà inú ẹ̀ létí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó gún régé, ó sì mọ̀ pé ẹni tó ṣẹ́ bébà báyìí kò lè ṣèèṣì gbé agolo sí kọ̀rọ̀. Ó kàn pẹ́ lórí àtúnṣe náà ju bó ṣe yẹ lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni páálí ń fì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí Awòkè ń gbé e padà wá, tí wọ́n ń tún un ṣe papọ̀. Ó sọ fún un pé ìyá àgbà ló tọ́ òun dàgbà, pé bóun ṣe ń fi nǹkan ránṣẹ́ sókè tó yìí, àkàbà ni ẹ̀rù rẹ̀ ń ba òun jù láyé. Ọmọbìnrin náà fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló kàn bi í, láìròtẹ́lẹ̀, pé, "O ti jẹun?"

Awòkè dúró lójú kan. Títí di ọjọ́ yẹn, ẹ̀yin ni wọ́n ń bá ara wọn sọ.

"Tún un bi mí," ló sọ.

"O ti jẹun?"

Kò tíì jẹun, àmọ́ ó ti yó.

Bàbá ọmọbìnrin náà ni ìdènà. Baba Kíá ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. Kí wọ́n tó bí ọmọ yìí ló ti ń fi alùpùpù gbé ẹrù lọ sílé àwọn oníbàárà, kò sì sí ẹnu ọ̀nà tí kò tíì kàn rí. Àmọ́ látìgbà tí dróònù ti dé, iṣẹ́ ti ń fà sẹ́yìn. Eṣinṣin onírin ló ń pè é. Ó gbà kí ọmọ òun máa di páálí, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn, àmọ́ ó búra nídìí oúnjẹ pé kò sí ìkankan nínú àwọn tó ń mú nǹkan yẹn fò tó máa jókòó sí pálọ̀ òun. Ìyàwó rẹ̀ béèrè pé tónítọ̀hún bá dúró ńkọ́. Baba Kíá ò rẹ́rìn-ín.

Torí náà, gbogbo ìgbà tí Awòkè bá ní òun fẹ́ wá kí àwọn òbí rẹ̀, ọmọbìnrin náà á ní kó ṣe sùúrù. Nígbà tí sùúrù wá ń tán lọ, ó sọ òkodoro fún un.

"Orí táńkì alùpùpù yẹn ni bàbá mi ti ń gbé mi lọ sílé ìwé. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, o sì mọ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá ní rárá, mi ò ní lè fẹ́ ọ lẹ́yìn wọn."

Awòkè ò bínú. Ó ní òun á dúró.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní kí ọmọbìnrin náà di bàtà ọmọ iléèwé àti agolo pólíìṣì. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti rí Awòkè nítòsí. Ó ti agolo sí kọ̀rọ̀. Kò mọ̀ pé ibà ti gbé Awòkè dè mọ́ ibùsùn, pé ẹlòmíì ló wà ní pápá, ẹni tí kì í fi ìka wọn nǹkan kan wò. Dróònù gbéra, ó fò dé orí ilé ìwé kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fì. Wọ́n ti kọ́ ẹ̀rọ náà pé bí ara rẹ̀ ò bá dọ́gba, kó wá ibi tó tẹ́jú jókòó sí. Ó bá jókòó sórí òrùlé ilé ìwé, gbogbo kíláàsì sì tú síta láti wò ó.

Bírú èyí bá ṣẹlẹ̀, alùpùpù tó bá sún mọ́ ibẹ̀ jù ni ilé iṣẹ́ máa ń pè. Baba Kíá ni wọ́n pè. Ó gun àkàbà, ó sọ páálí kalẹ̀, ó tú u wò bóyá nǹkan kan fọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí bébà náà. Bí ọmọ rẹ̀ ṣe máa ń ká aṣọ nílé nìyẹn, tó máa ń fi etí rẹ̀ há sínú. Ó rí agolo ní kọ̀rọ̀. Lẹ́yìn tó gbé bàtà fún ẹni tó ni ín, ilé ìkẹ́rùsí ló darí sí, akoto lábẹ́ abíyá.

"Ọmọ mi, ṣé ara rẹ ò yá ni?"

"Ara mi yá, bàbá."

"Kí ló wá dé? Mo mọ ọwọ́ rẹ. Ọwọ́ yìí kì í gbé agolo sí kọ̀rọ̀."

Ìyá Òṣùwọ̀n náà ti dìde, ó ń dúró de ìdáhùn. Ọmọbìnrin náà ì bá sọ pé ó rẹ òun ni. Àmọ́ ó rí eruku òrùlé lára bàtà bàbá rẹ̀, irọ́ sì kọ̀ láti jáde. Ó sọ ọ́ bó ṣe jẹ́: òun gbé e síbẹ̀ kí ẹni tó ń dá páálí padà lè wá sọ́dọ̀ òun. Àwọn tó kù tẹjú mọ́ téèpù wọn bí ẹni tó ń kàwé ìdánwò.

Ibẹ̀ ni Awòkè wọlé sí, súwẹ́tà lọ́rùn nínú ooru, ojú pọ́n. Ẹnì kan ti fi fóònù pè é lórí ibùsùn. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Baba Kíá, ó ní òun ló jẹ̀bi. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tóun ti mọ̀ ló yẹ kóun ti dá a dúró, àmọ́ ó dùn mọ́ òun ju kóun sọ̀rọ̀ lọ.

Ìyá Òṣùwọ̀n kọjú sógiri, ẹ̀rín ń gbọn èjìká rẹ̀. Nígbà tó máa fi yíjú padà, ó ti rí ojú líle kan gbé wọ̀. Ó ní bí páálí kan bá tún fì, àwọn méjèèjì á lọ máa di ẹrù nílé wọn. Ẹni tó bá fẹ́ rí ẹnì kejì, ìgbà ìsinmi wà, bẹ́ǹṣì sì wà níta.

Baba Kíá ní tiẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè iṣẹ́ tí Awòkè ń ṣe gan-an. Awòkè sọ ọ́. Bàbá dé akoto rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Odindi ọjọ́ méjì ni kò fi bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nílé. Ìyá ọmọbìnrin náà ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé ó ń jẹ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu, ó máa gbé e mì. Lẹ́yìn náà ni Baba Kíá ránṣẹ́ pé kí ọmọkùnrin yẹn wá lówùúrọ̀ Sátidé. Kì í ṣe láti jókòó sí pálọ̀ o. Ẹ̀yìn alùpùpù ló máa jókòó sí.

Awòkè dé nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó lọ̀ gún. Bí wọ́n ṣe gbéra ló di Baba Kíá mú níbàdí bí ọmọ jòjòló, tó sì ń wojú ọ̀run, tó fi jẹ́ pé gbogbo kòtò ló ń bá a lójijì.

"Ilẹ̀ la máa ń wò níbí," Baba Kíá sọ fún un.

Wọ́n ń ti ẹnu ọ̀nà kan dé òmíì. Aránṣọ kan, tó fi abẹ́rẹ́ há ẹnu, ní kí wọ́n bá òun di etí aṣọ mú. Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ra ìgò òróró ìpara kékeré kan. Dróònù ì bá gbé e wá, àmọ́ Baba Kíá ni tíṣà máa ń béèrè fún, torí ó fẹ́ ẹni tó máa bá òun ṣí ìdérí, tó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ orúnkún òun. Awòkè ṣí i, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó béèrè orúnkún wo ni. Ọ̀rọ̀ orúnkún ò tán bọ̀rọ̀. Baba Kíá dúró ti alùpùpù, ó ń wò wọ́n.

Lójú ọ̀nà ló tó sọ ọ́.

"Kì í ṣe ti iṣẹ́ tó dín kù ló ń dùn mí. Ilé tí wọ́n ti ń fẹ̀rín pàdé mi, wọn ò ṣílẹ̀kùn fún mi mọ́."

Awòkè ò gbèjà dróònù. "Òótọ́ ni, sà. Dróònù kì í kí èèyàn." Ó tẹjú mọ́ ọ̀nà. "Èmi náà, mi ò rójú oníbàárà kankan rí kó tó di òní. Okùn ni mo máa ń rí."

Baba Kíá rọra yà fún kòtò tó kàn.

Báyìí ni Sátidé ń gorí Sátidé. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n tún kan ilẹ̀kùn tíṣà àgbà, ó gbé awò ojú rẹ̀ gún imú dáadáa.

"Baba Kíá, mo ti ń fẹ́ bi yín. Ta ni ọmọ yìí? Ọmọṣẹ́ yín ni?"

Baba Kíá tún okùn akoto rẹ̀ dè títí, Awòkè sì rò pé kò gbọ́ ni.

"Rárá, mà," ló dáhùn. "Ọkọ ọmọ mi ni."

Awòkè tẹra mọ́ ìdérí ìgò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń yí i, kò ṣí, ó tún ń yí i.

"Ò ń dé e pa ni, ọmọ mi," tíṣà sọ fún un. "Gbé e wá. Lọ sọ fún ìyàwó rẹ."

Baba Kíá fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ sí ilé ìkẹ́rùsí. Ọmọbìnrin náà wà lórí bẹ́ǹṣì, ìgbà ìsinmi ni. Awòkè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó ń mí hẹlẹ bí ẹni tó fẹsẹ̀ rìn, ó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láti òpin dé ìbẹ̀rẹ̀, torí kò lè dúró kó tó dé òpin. Ọmọbìnrin náà wo ẹnu géètì. Bàbá rẹ̀ wà lórí alùpùpù, ó ń ṣe bí ẹni tí kò rí wọn.

"Bàbá mi ti sọ tiwọn," ló wí jẹ́jẹ́. "Ìwọ ńkọ́? O ò tíì bi mí ní nǹkan kan."

"Mo ti ń to ọ̀rọ̀ náà jọ látọjọ́ pípẹ́. Mo ti gbàgbé gbogbo ẹ̀."

"Sọ èyí tó bá kù."

Ó jókòó tì í. "Mo fẹ́ kí n máa jí, kí n máa rí ẹ níbẹ̀, láìjẹ́ pé nǹkan kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bà jẹ́."

Omi lé sójú ọmọbìnrin náà, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀. "Èmi náà," ló sọ. "Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn."

Fèrè alùpùpù dún láti ẹnu géètì. Awòkè fẹ́ dìde, ó ní ẹrù ṣì kù tí àwọn ò tíì gbé. Ọmọbìnrin náà fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó sì gbé orí lé e léjìká.

Baba Kíá wò wọ́n títí. Òun tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni pa ẹ́ńjìnnì alùpùpù rẹ̀, ó ṣí akoto lórí, ó sì jókòó dè wọ́n.