Káàdì Tí Fílàṣì Kò Mọ̀

Eruku ni Mark kọ́kọ́ rí. Ó rú jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù kan ní Agbowó, obìnrin kan sì tẹ̀lé e jáde, eruku ti sọ irun rẹ̀ di funfun kẹ̀, ó fi ètè di nọ́ọ̀tì ẹ̀rọ kékeré méjì mú. Inú kọ̀ǹpútà kan ló ti ń fẹ́ eruku kúrò.

Ayọ̀kúnnúmi ni orúkọ rẹ̀. Mark, tó ń kọ́ni ní físíìsì ní Bódìjà, sọ ohun tó gbé e wá. Kọ̀ǹpútà bàbá rẹ̀ ní Akobo kò tàn mọ́, inú rẹ̀ sì ni ìwé orúkọ ewéko tí bàbá fi ọdún mẹ́fà kọ wà. Ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú háàdì dísìkì kan, ṣùgbọ́n bàbá ò gbà kí ìyẹn jáde nílé.

"Ṣé ẹ ní fílàṣì tó bá a wá, tí wọ́n fi ń jí ẹ̀rọ tó bá kú?" Ayọ̀kúnnúmi bi í.

"A ní in. Báwo ló ṣe ń jí i?" Mark béèrè.

Ayọ̀kúnnúmi rẹ́rìn-ín. Àwọn oníbàárà kì í béèrè ìyẹn. Kí Sátidé tí wọ́n fẹ́ lọ sí Akobo tó pé, ojoojúmọ́ ni Mark ń yà ní Agbowó lẹ́yìn iṣẹ́, pẹ̀lú ìbéèrè tuntun.

Ní Akobo lọ́jọ́ Sátidé náà, fílàṣì jí ẹ̀rọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n máòsì ò mira, háàdì dísìkì ò sì hàn. Àwọn ihò USB tó bá ẹ̀rọ náà wá ti jóná, àfi ẹyọ kan tí wọ́n ki fílàṣì bọ̀. Ara káàdì USB kan tí wọ́n fi kún un lẹ́yìn náà ni wọ́n so máòsì àti háàdì dísìkì mọ́.

Bàbá Mark, Ọ̀gbẹ́ni Adégbọlá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ní òun ò mọ ohun tí ọmọ òun rí lára ẹni tí kò mọ iṣẹ́. Mark kàn ń wo ilẹ̀. Ayọ̀kúnnúmi kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó kí bàbá, ó lọ.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi gbé ìpè Mark. Lọ́jọ́ kẹwàá, Mark dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù.

"Ó yẹ kí n ti gbèjà rẹ. Má bínú."

"Ṣé ẹ̀bẹ̀ nìkan lo gbé wá?"

Mark yọ ìwé pélébé kan. Òun fúnra rẹ̀ ló tú ẹ̀rọ náà, tó kọ nọ́ńbà ara káàdì yẹn sílẹ̀. Káàdì yẹn gan-an ni Ayọ̀kúnnúmi ti ń rò láti Sátidé yẹn.

"Bí ẹ̀rọ ṣe wà nígbà tí wọ́n rà á ni fílàṣì yẹn mọ̀," ó ní. "Àjèjì ni káàdì yìí lójú rẹ̀. A ní láti fi í hàn án, olólùfẹ́ mi."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Kò kó o padà. Ó wá dráífà, ìyẹn ètò kékeré tó ń mú káàdì náà ṣiṣẹ́, ó sì fi í sínú fílàṣì.

Ní Akobo, kí Ayọ̀kúnnúmi tó tan ẹ̀rọ, Mark dìde.

"Bàbá mi, ó ṣiṣẹ́ ni o, kò ṣiṣẹ́ ni o, òun ni mo fẹ́ fẹ́."

Bàbá sún àga rẹ̀ mọ́ tábìlì, Ayọ̀kúnnúmi sì tan ẹ̀rọ. Máòsì rìn. Háàdì dísìkì yọjú. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ewé àkọ́kọ́ ti hàn, ewúro, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lábẹ́. Bàbá béèrè bí fílàṣì ṣe wá mọ káàdì lọ́tẹ̀ yìí, Ayọ̀kúnnúmi ṣàlàyé. Bàbá tún béèrè, obìnrin náà tún ṣàlàyé. Lẹ́yìn náà ni bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Mark ti sọ tirẹ̀. Ìwọ ńkọ́?"

Ayọ̀kúnnúmi kúnlẹ̀.

"Mo ti gbà kí n tó wọlé, sà."