Kóńgò Tí Kò Kún

Dúpẹ́, tó ń ta gààrí ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ wọn, gba kóńgò lọ́wọ́ Sẹ̀gilọlá, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó sì fi òkúta lu ìdí rẹ̀ títí ó fi rì wọnú.

"Gààrí tó máa gbà ti dín kù, ojú rẹ̀ á sì tún kún. Ta ló ń wo ìdí kóńgò?"

 Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá ìyá Sẹ̀gilọlá dùbúlẹ̀, tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, òun ló ń ta gààrí wọn ní ọjà Ìwó bí ó bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé. Oògùn ìyá ń tán lọ. Ó gba kóńgò náà, ó ń fi í tajà.

Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá Adéyẹmọ, olùkọ́ Bíbélì wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní kí ó wá sọ ìtumọ̀ Tekeli lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó wà lára ọ̀rọ̀ àjèjì tí ọwọ́ kan kọ sára ògiri ààfin ọba Bábílónì, tí àwọn amòye kò mọ̀, àfi Dáníẹ́lì. Sẹ̀gilọlá há a sórí bí orin: wọ́n gbé ọ lé ìwọ̀n, o kò tó. Kò rò ó jìnnà.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, Ìyá Ṣẹ̀fíátù, oníbàárà ìyá rẹ̀ láti Kúta, mú kóńgò tirẹ̀ wá. Ó da gààrí tó rà sínú rẹ̀. Kò kún.

"Ọmọ mi, mi ò wọn gààrí ìyá rẹ wò rí. Èyí tí mo rà lọ́jọ́sí ni ò tó wa jẹ."

Sẹ̀gilọlá kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n bù ú kún."

Ìyá náà ní kó má ṣèyọnu, ó sì kọjá sí ìsọ̀ ẹlòmíràn. Àwọn tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ tẹ̀ lé e. Dúpẹ́ ń wo ibòmíràn.

Nílé, Sẹ̀gilọlá gbé kóńgò náà síwájú ìyá rẹ̀, ó sunkún jẹ́wọ́. Ìyá kò lè bá a wí, kò sì lè tù ú nínú. Ó fi ọwọ́ kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ fa kóńgò mọ́ra, ó ń fi àtàǹpàkò ti ibi tó rì náà. Irin kò gbọ́. Ó tún tì í, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, nígbà tí wọ́n pe Sẹ̀gilọlá, gbogbo ohun tó há sórí ti parẹ́.

"Kì í ṣe ọba yẹn nìkan ni Ọlọ́run wọ̀n," ó ní. "Ó wọn èmi náà. Mi ò tó."

Alágbẹ̀dẹ ti lu ìdí kóńgò náà jáde. Ìyá Ṣẹ̀fíátù kò tíì padà wá. Ẹ̀yin ọmọ mi, àìní kì í sọ èrú di òdodo. Òkúta kan tó láti lu orúkọ rere òbí wọnú. Òòlù tó máa lù ú jáde ṣòro rí.