Biúùtì Tí Akínwálé Fún Ẹṣin

Akínwálé da ìyẹ̀fun funfun kan sínú èérí bàbà, ó fi oyin bo ìkorò rẹ̀, ó sì rò ó títí ìyẹ̀fun náà fi pòórá. Ẹṣin pupa tó ń tiro jẹ ẹ́ tán.

Biúùtì ni àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin ní Ìlọrin ń pe ìyẹ̀fun náà. Orúkọ gígùn kan, fenilibutasónì, ló wà lára ike rẹ̀. Wọ́n já àárín rẹ̀ mú, wọ́n sọ ìyókù nù. Nígbà tó yá, bí ẹnìkan bá kun ọkọ̀ jíjẹrà lọ́dà kó lè tà á, wọ́n á ní, "Ó ti fún un ní biúùtì."

Oògùn náà kì í so egungun tó ti sán pọ̀. Ìrora ló ń pa lẹ́nu mọ́. Bí dókítà ẹranko bá lò ó, tí ẹṣin sì sinmi, oore ni. Ṣùgbọ́n ìrora ni kì í jẹ́ kí ẹṣin fi gbogbo ara tẹ ẹsẹ̀ tó ti sán.

Akínwálé kò fẹ́ kó sinmi. Ó fẹ́ tà á.

Lọ́jọ́ kejì, Sàlíhù tó wá ra ẹṣin gùn ún yíká lórí ilẹ̀ líle. Kò tiro.

"Wálé, o ò fún un ní biúùtì ṣá?"

"Háà, Alhaji! Èmi ọmọ Ọ̀mù-Àrán, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Sàlíhù sanwó, ó sì gùn ún lọ sílé. Nítorí pé ìrora kò kìlọ̀ fún un, ẹṣin náà sáré tagbáratagbára. Lọ́nà Òkè-Oyì, ẹsẹ̀ rẹ̀ dá. Ó ṣubú lu Sàlíhù, ẹṣin náà sì kú. Ìbàdí Sàlíhù fọ́. Kò rìn mọ́.

Àwọn ènìyàn ní kòtò ló já sí. Akínwálé náà sọ bẹ́ẹ̀. Ó ń mú ọrẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ń mutí kó tó lè sùn. Níkẹyìn, ó jẹ́wọ́ fún Adéọlá ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ọrẹ àti ọtí yẹn, biúùtì lo ń fún ara rẹ," ni Adéọlá wí. "Jésù kì í pa ẹ̀rí-ọkàn lẹ́nu mọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ gan-an ló kú fún. Ké pè é, kí o sì lọ jẹ́wọ́ fún Alhaji."

"Bí mo bá jẹ́wọ́ fún Alhaji, wọ́n á tì mí mọ́lé."

"Ó ṣeé ṣe. Màá sìn ọ́ lọ."

Akínwálé wólẹ̀, ó ké pe Kristi. Lẹ́yìn náà, ó lọ bá Sàlíhù lórí ibùsùn, ó sì sọ gbogbo rẹ̀.

Sàlíhù wò ó. "O bá mi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, Wálé." Ó yíjú sí ògiri.

Akínwálé ta àwọn ẹṣin rẹ̀ yòókù fún ìtọ́jú Sàlíhù. Nígbà tí ìjẹ́wọ́ rẹ̀ tàn káàkiri, kò sẹ́ni tó fẹ́ bá a dòwò ẹṣin mọ́. Sàlíhù kò tíì dárí jì í. Ọlọ́run ti dárí jì í.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, Olúwa lè wẹ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ nù lónìí, ṣùgbọ́n ìrònúpìwàdà Akínwálé kò dá ẹsẹ̀ Sàlíhù padà. Ta ni yóò tún fara pa kí o tó kúnlẹ̀? Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yẹn. Pe Jésù nísinsìnyí, kí o sì dìde lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀.