Obìnrin Tí Yẹ́misí Kò Dárúkọ

"Ṣáà dárúkọ obìnrin náà!" Fọlábí fọwọ́ gbá tábìlì. "Ìbò ti dé tán. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá mọ ẹni tí ìtàn inú eré yìí ṣẹlẹ̀ sí, ta ni yóò dìbò fún ẹlòmíràn?"

Ọdún 1972 ni. Ọmọ tíṣà láti Èrúwà ni Yẹ́misí. Ó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìṣèlú ní yunifásítì, ó ń kọ eré orí ìtàgé, ó sì ń du ipò ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Fọlábí ló ń bá a polongo.

Nígbà ìsinmi tó ṣáájú, ó lọ ṣèwádìí fún eré náà ní Igbó-Ọrà lórí rògbòdìyàn ìbò ọdún 1965. Hàlímọ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Àmínà, pè é jókòó, wọ́n jọ ń bó ẹ̀gúsí. Ibẹ̀ ló ti sọ bí àwọn jàǹdùkú ṣe dáná sun ilé wọn, tí ọkọ rẹ̀ sì kú sínú iná náà.

"Mo mọ̀ wọ́n, ọmọ mi," ni ìyá náà wí. "Ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀kan nínú wọn ló fẹ́ Àmínà mi, ọmọdé sì ni ọkùnrin náà nígbà tí wọ́n ṣe é. Bí o bá dárúkọ mi, wọ́n á máa bi mí pé ta ló ṣe é. Jọ̀ọ́, má dárúkọ mi."

"N kò ní dárúkọ yín, mà."

Ká má purọ́, ipò ààrẹ wu Yẹ́misí. Ó tilẹ̀ la ẹnu láti gbà fún Fọlábí. Ó tún pa á dé.

"Fọlábí, ẹyin lohùn. Mo ti ṣèlérí."

Fọlábí bínú jáde. Nígbà tí wọ́n ka ìbò, Yẹ́misí fìdí rẹmi. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Síbẹ̀, ó kó eré náà lọ sí Igbó-Ọrà, kí àwọn tó ràn án lọ́wọ́ lè wò ó. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Bí eré ti parí, kí ẹnikẹ́ni tó pàtẹ́wọ́, Ìyá Àmínà dìde.

"Èmi ni ìtàn tí ẹ wò yẹn ṣẹlẹ̀ sí. Ọmọ yìí mọ orúkọ mi, kò sọ ọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ fún mi pé ohun tó mú un pàdánù ipò nìyẹn. N ò ní dárúkọ ẹni tó ṣe é, mo ti fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ẹ ṣáà bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Yẹ́misí kúnlẹ̀. "Èmi ni mo jẹ yín lọ́pẹ́, mà. Ẹ gbà mí gbọ́ nígbà tí ẹ ò tíì mọ̀ mí."

Ọkọ Àmínà jáde láti ẹ̀yìn, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ìyàwó rẹ̀. Àna a máa dọ̀bálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n eléyìí pẹ́ nílẹ̀. Ìyá náà fọwọ́ kàn án léjìká, ó ní, "Dìde, ọmọ mi."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, obìnrin mẹ́ta mìíràn ti ní kí Yẹ́misí wá gbọ́ tiwọn. Ipò tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ kò dùn ún mọ́. Ẹni tó bá fọkàn tán wa ti fún wa ní ohun tó ju ipò lọ. Ọpẹ́ tó tọ́ sí i ni pé kí a má ṣe dà á.