Eegun Torkel Tí Wọ́n Ta Ní Kókó

Ìdílé wa kì í purọ́ mọ́ òkú. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Orúkọ àwọn tó kàn wà nínú Bíbélì ilé wa, pẹ̀lú ọjọ́ ikú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rín in tán kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Alfhild, ẹ̀gbọ́n ìyá ìyá mi, ń ta ẹja ṣáwá ní erékùṣù wa ní gúúsù Sweden. Torkel, atukọ̀, ni wọ́n bí tẹ̀ lé e. Àìsàn dá Torkel dúró ní ìlú ńlá lọ́dún kan, ó sì kú sí ilé àwọn aláìní. Òfin ibẹ̀ nígbà náà ni pé òkú tí ẹbí kò bá wá gbà láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ló ni ín.

Òkun ti dì. Yìnyín náà nípọn jù fún ọkọ̀, ó sì fẹ́lẹ́ jù fún ẹsẹ̀. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó gbé lẹ́tà ikú náà wá ló gbé Alfhild lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá.

Evald, ọkùnrin tó ń tọ́jú òkú nílé ẹ̀kọ́ náà, mú un dé ojú sàréè tí wọ́n sin Torkel sí lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ lò ó tán. Alfhild kúnlẹ̀. Evald dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń yí fìlà lọ́wọ́.

"Ìyá, mi ò lè purọ́ fún yín. Kò pé níbẹ̀."

"Kí lo wí?"

"Eegun kan kù. Ti ẹsẹ̀ òsì."

Ó wá ṣàlàyé. Lọ́dọọdún, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ekstrand a máa mú eegun tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúgun, a rẹ ẹ́ sínú ásíìdì. Ásíìdì á jẹ èròjà bí ẹfun tó mú eegun le. Ohun rírọ̀ nìkan ló máa ṣẹ́kù. Á wá ta á ní kókó lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹni ta okùn bàtà.

"Àwọn ọmọ náà fẹ́ràn rẹ̀ gan-an," ni Evald wí. Ó kábàámọ̀ ọ̀rọ̀ náà lójú ẹsẹ̀.

Kò ṣàjèjì sí Alfhild. Ọtí kíkan la fi ń tọ́jú ṣáwá. Eegun ẹja tó bá pẹ́ nínú rẹ̀, arúgbó aláìléyín á jẹ ẹ́ mì. Ṣùgbọ́n Torkel kì í ṣe ẹja.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dé ilé ẹ̀kọ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan yínmú sí i.

"Ìyá ẹlẹ́ja! Ẹ̀yin náà fẹ́ wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń la ara?"

"Iye tí mo máa ń là láàárọ̀ kan kí o tó jí, o ò ní là á láyé rẹ. Ọ̀gá rẹ dà?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ekstrand mọ́ tónítóní. Ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Eegun àbúrò mi ni mo wá gbà."

"Arábìnrin, ó ku ọjọ́ méjì tí mo máa lò ó."

"Ẹ fún mi báyìí, nígbà tó ṣì le."

"Kò le mọ́. Ohun tó ti jáde lára rẹ̀ kì í padà. Tí ẹ̀kọ́ bá parí, ẹ lè mú un lọ."

"Pẹ̀lú kókó?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Òkú kì í mọ ìrora."

"Èmi mọ̀ ọ́n."

Ó fọwọ́ kan èjìká Alfhild, bí ẹni ń rẹ ọmọdé lẹ́kún, ó sì jáde. Ìgò náà wà lórí tábìlì. Eegun náà ń hó wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀. Alfhild gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìgò náà. Ó tutù. Ó fẹ́ kó dun ọkùnrin yẹn. Ó fẹ́ ẹ gidigidi. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wa, kò sì tẹ orí ba nígbà tó ń sọ ọ́.

Nígbà tí ọjọ́ méjì náà pé, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, Alfhild jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn nínú yàrá ẹ̀kọ́. Oòrùn kún inú yàrá. Ọ̀jọ̀gbọ́n yọ eegun náà, ó ṣàn án lómi, ó tẹ̀ ẹ́. Ó ta á ní kókó, ó fà á le. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹsẹ̀ lu pákó ilẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń yin olùkọ́ níbẹ̀.

Nínú ariwo yẹn, Ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó sílẹ̀.

Kò ṣubú. Ó kàn jókòó, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì ti ká níbi tí oríkèé kò sí.

Ariwo dákẹ́.

"Kò dùn mí," ló wí. Ó ń wo ẹsẹ̀ náà. "Kò dùn mí rárá."

Eegun tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn kọ́ ló ń gbé ara dúró. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ kò lè dìde. Evald mú eegun orí tábìlì, ó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dún lórí pákó: kò, kò, kò. Ó ti le bí òkúta. Kókó náà wà lára rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Evald fi ṣọ́bìrì ṣí sàréè. Alfhild gbé eegun náà ti Torkel, wọ́n sì bò ó. Ó wọkọ̀ padà sílé.

Nígbà tó di oṣù kẹfà, àwọn ọkùnrin méjì gbé Ọ̀jọ̀gbọ́n wá sí erékùṣù wa lórí àga. Ọ̀sán gangan ni. Òkun kò mira. Alfhild ń la ẹja lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá, níbo ni eegun náà wà?"

"Lọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo sin ín."

"Ẹ ti sin ín?" Ètè rẹ̀ funfun. "Ṣé inú yín ti rọ̀?"

"Torkel ti pé. Ohun tí mo bá wá nìyẹn."

"Kí ló wá ń ṣe mí? Ẹsẹ̀ kejì ti bẹ̀rẹ̀. Láti Ọjọ́ Àìkú. Àná, ìka ọwọ́ mi kan…" Ó fi ọwọ́ náà pamọ́ sábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. "Ta ló ń ṣe é?"

Alfhild nu ọ̀bẹ.

"Mi ò mọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Bí mo bá sì mọ̀ ọ́n, mi ò ní ní kó dáwọ́ dúró."