Aṣọ Ọ̀fọ̀ Lórí Kọ̀ǹpútà Siosaia

"Gbé ọwọ́ rẹ kúrò níbẹ̀, Kelepi!"

Ohùn Lupe le débi pé àwọn adìyẹ tó ń jẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tú ká. Kelepi, àbúrò Siosaia ọkọ rẹ̀ tó kú, jókòó níwájú kọ̀ǹpútà. Díẹ̀ ló kù kí ó tẹ bọ́tìnì tí yóò pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́.

"Àǹtí Lupe, ẹ fara balẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀ ọ́. Bí a bá tàn án, kì í pẹ́ tó fi ń kú. Ẹ jẹ́ kí n nù ún mọ́, kí n tún un tò látìbẹ̀rẹ̀."

"Ohùn ọkọ mi tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ìwọ ni wàá bá a kọ ọ́?"

Kelepi gbé ọwọ́ kúrò. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní ìlú Neiafu, ní erékùṣù wa, pé Siosaia ló ń darí akọrin ìjọ. Kí ó tó kú, ó ti ṣe orin tuntun fún àpéjọ ọdún yìí. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ kọ ohùn kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà sì gbà á sílẹ̀, kí àwọn akọrin lè máa fetí kọ́ ọ. Orin náà kò sí níbòmíràn. Èyí ló ń bí Lupe nínú láràárọ̀ bó bá ti ń wé ẹní ọ̀fọ̀ mọ́ ìdí gẹ́gẹ́ bí àṣà wa: ọkùnrin tí kì í fi okùn kan ṣoṣo so ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò rántí fi ohùn ara rẹ̀ pamọ́ síbi méjì.

"Mo tẹ̀ lé àwòrán Heilala o," Kelepi ní, ó nawọ́ sí ìwé tó wà lára ògiri. "Ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo dé."

Heilala, tó ń tọ́jú ilé ìkàwé ìlú, ló pín àwòrán náà kárí ilé, kí a lè fi mọ ohun tó ń ṣe kọ̀ǹpútà. Àpótí kéékèèké ló wà nínú rẹ̀, ìbéèrè kan nínú àpótí kan. Bí ìdáhùn rẹ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọfà kan á mú ọ lọ sọ́tùn-ún. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, òmíràn á mú ọ lọ sísàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ìparẹ́ wà.

Lupe já ìwé náà kúrò lára ògiri, ó gba ilé ìkàwé lọ. Òun àti Heilala ni wọ́n jọ padà dé.

"Ta ló dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí?" Heilala béèrè.

"Èmi ni."

"Ó dáa. Kà wọ́n sókè. Ìka rẹ ò gbọdọ̀ kúrò lórí ìlà."

Kelepi bẹ̀rẹ̀ sí kà. "Ǹjẹ́ iná ń tàn lára rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Ǹjẹ́ nǹkan ń hàn lójú rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Ǹjẹ́ ó ń kú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ díẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Ǹjẹ́ ohun kan bo ihò atẹ́gùn rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ kọ́."

"Bẹ́ẹ̀ kọ́? Kelepi, ojú rẹ ńkọ́? Ó wọkọ̀ lọ sí erékùṣù kejì ni?"

Gbogbo wọn wò ó. Ngatu, aṣọ èèpo igi tí a fi ọ̀dà ya, ni wọ́n ṣẹ́ po sórí kọ̀ǹpútà náà, ó bo ẹ̀yìn rẹ̀ tó ní ihò atẹ́gùn délẹ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú ni Fusi, ẹ̀gbọ́n Siosaia obìnrin, fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ ẹ síbẹ̀, bó ṣe tẹ́ òmíràn sórí àga olóògbé.

"Ìyẹn ò bò ó kẹ̀," Kelepi ní, ó sì dá a lójú. "Ngatu ni. Ọ̀wọ̀ ni."

"Ẹ̀rọ ò mọ ọ̀wọ̀. Atẹ́gùn ló mọ̀."

Lupe ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ náà. Ara ẹ̀rọ gbóná bí òkúta ààrò inú ilẹ̀. Òun tìkára rẹ̀ ló ń tún etí aṣọ yìí ṣe lójoojúmọ́! Ó dì í mú kí ó fà á.

"Àǹtí, ẹ má dán an wò! Ẹ̀gbọ́n Fusi nìkan ló lè ká a."

Òótọ́ ni. Lọ́dọ̀ wa, nílé ọmọ ìyá rẹ̀ ọkùnrin, ẹnu ẹ̀gbọ́n obìnrin labẹ gé. Kí wọ́n tó ránṣẹ́ pe Fusi, ó ti gbọ́ ariwo, ó ti wọlé.

"Ta ló fẹ́ tú àbúrò mi síhòòhò?"

Lupe kúnlẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé yìí, kò gbóhùn sókè sí Fusi rí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bínú lónìí. Ikú ti mú un lọ. Aṣọ tí ẹ fi bu ọlá fún un ló tún ń fún ohùn rẹ̀ lọ́rùn. Ẹ fọwọ́ kàn án."

Fusi fọwọ́ kàn án, ó sì yára fa ọwọ́ padà. Ó yíjú sí Kelepi.

"O fẹ́ pa ohùn rẹ̀ rẹ́ láìbi mí?"

"Ẹ̀gbọ́n, àwòrán ló ní—"

"Àwòrán béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ, ìwọ lo purọ́ fún un, olódo!"

Ó ká ngatu náà fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó gbé e lé itan rẹ̀. Wọ́n yọ ẹ̀rọ nínú iná, wọ́n jẹ́ kí ó tutù dáadáa. Heilala fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku ẹnu ihò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún tàn án, kò kú mọ́.

Siosaia wúkọ́ nínú rẹ̀. "Ẹ̀yin olóhùn báàsì," ni ohùn rẹ̀ wí, "ẹ má sáré. Ẹ dúró dè mí."

Fusi fi etí ngatu bo ojú. Heilala ti ń ṣe ẹ̀dà orin náà sínú fíláàṣì.

"Ṣe méjì," ni Lupe wí. Ìbínú ò tí ì tán lójú rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa, bí kọ̀ǹpútà bá dá iṣẹ́ sílẹ̀ nílé yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè àwòrán, ẹ má fo àpótí kankan. Kí ẹ tó dáhùn bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ fi ojú wò ó, ẹ fi ọwọ́ kàn án. Ohun tí a bọ̀wọ̀ fún pàápàá lè dí ihò. Ohun tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ó sunkún lé lórí, ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn lónìí, kí ẹ̀rọ tó bàjẹ́. Ìparẹ́ ló gbẹ̀yìn. Ẹ má sáré débẹ̀.