Ìlà Mẹ́jọ Lára Ìgò Alága

"Kí lo fún un mu láti àárọ̀?"

Àǹtí kò tíì bọ́ bàtà ibi iṣẹ́ lẹ́sẹ̀ tó fi béèrè. Fọ́nrán òwú funfun ṣì lẹ̀ mọ́ èjìká rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán aṣọ àwọn dókítà. Ó gbé ìgò mílíìkì ọmọ rẹ̀ sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń gba ojú fèrèsé wọlé, ó ń wò ó bí adájọ́ tó ń wo ẹ̀rí. Ohun tó kù nínú ìgò náà ju ìdajì ohun tí wọ́n pò lọ.

"Mílíìkì rẹ̀ náà ni," ni Ìṣirò dáhùn. Kò gbójú kúrò nínú ìwé tó ń kà. "Ṣíbí mẹ́rin, omi dé ìlà kẹrin, bí ẹ ṣe kọ ọ́ mọ́ ògiri. Kò mu ún ni."

"Kò mu ún lónìí. Kò mu ún lánàá. Ọmọ tó jẹ́ pé tó bá mu ìgò gbẹ tán, á tún máa fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Bí mo bá sì dé báyìí, á máa fa ọmú mi bí ẹni tí wọ́n so mọ́lẹ̀ láti àná. Ọmọ tó ń mu lọ́wọ́ mi, kí ló dé tí kì í mu lọ́wọ́ rẹ?"

"Ẹ bi í. Òun ló ni ẹnu."

"Èmi lò ń dá lóhùn bẹ́ẹ̀ yẹn?"

Ìṣirò pa ìwé dé. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kọ́ ni Ìṣirò. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló fún un, nítorí pé bí olùkọ́ bá ń kọ ìbéèrè lójú pátákó lọ́wọ́, ó ti máa ń ní ìdáhùn rẹ̀ lẹ́nu. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ọjọ́ Ẹtì yìí gan-an ni yóò jókòó ṣe ìdánwò àṣekágbá nínú ìṣirò, ọjọ́ Ìṣẹ́gun sì ni wọ́n wà. Láti ìgbà tí Àǹtí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti padà sẹ́nu iṣẹ́, tí ọkọ rẹ̀ sì wà lójú ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù tó ń wà, Ìṣirò ló ń tọ́jú ọmọ ní ọ̀sẹ̀ tó fi gba ìsinmi láti kàwé. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó rọrùn fún un.

"Ẹ máa sọ ọ́ bí ẹni pé ìwé ni mò ń kà, tí mo sì ju ọmọ sígbó," ló sọ. "Mò ń gbé e, mò ń pọ̀n ọ́n, mò ń ki ìgò bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó ń yí orí. Ṣé kí n wá fi àrọ dà á sí i lọ́fun ni?"

Bàbá wọn, tó ń fá pákó níwájú ilé, na ọrùn wọ inú yàrá. "Ariwo yín ti borí ti ayùn mi. Bí ẹ bá fẹ́ gba iṣẹ́ káfíńtà lọ́wọ́ mi, ẹ wí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Alága, ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ń jà, jókòó sínú àga rẹ̀ kékeré. Ọmọ oṣù márùn-ún ni. Ikùn rẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní Alága, òun àti bó ṣe máa ń wo gbogbo ilé bí ẹni tó ń dúró kí wọ́n ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá. Àmọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta yìí, ó dà bí ẹni pé Alága ti fẹ́ fipò sílẹ̀. Ojú rẹ̀ rọ, ó sì ń ké ohùn kan báyìí tó ń ha ènìyàn létí.

Inú bí Ìṣirò dé ibi tó fi ya ojú ìwé kan, tó sì kọ gbogbo ohun tó lè jẹ́ kí ọmọ máa kọ mílíìkì. Bó ṣe ń yanjú ìbéèrè ìṣirò nìyẹn: kọ gbogbo rẹ̀, yẹ̀ ẹ́ wò, fagi lé èyí tí kì í ṣe. Eyín? Ó ti fọwọ́ tẹ erìgì rẹ̀, kò sí nǹkan. Ó fagi lé e. Funfun lórí ahọ́n? Kò sí. Imú dídí? Kò sí. Ara gbígbóná? Ó tutù bí ó ti yẹ. Agolo mílíìkì tó ti bàjẹ́? Ọjọ́ tí wọ́n kọ sídìí rẹ̀ ṣì jìnnà. Ó kọ Àǹtí náà sí i, pé ọmọ ń bínú nítorí pé ìyá rẹ̀ ń fi í sílẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Kò fagi lé ìyẹn. Nínú gbogbo ohun tó kọ, kò kọ orúkọ ara rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Sísè lójoojúmọ́ ti jẹ́ kí àwọn ìlà ìwọ̀n ara ìgò náà ṣí kúrò, débi pé kò sẹ́ni tó lè rí wọn mọ́. Ohun tó ṣẹ́ kù kò ju nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sídìí ìgò lọ, pé mílílítà òjìlénígba ló ń gbà bó bá kún dé ọrùn. "Gbé e lọ sọ́dọ̀ Bàbá Kẹ́míìsì," ni Àǹtí sọ fún Ìṣirò. "Kó fi ife tó fi ń wọn oògùn bá wa wọ̀n ọ́n, kí o sì fa ìlà sí i."

Oòrùn mú lọ́jọ́ náà. Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Kẹ́míìsì wà lẹ́yìn ọ̀nà ńlá, ìbéèrè kan tí kò tíì rí ojútùú rẹ̀ sì ń jó o lọ́kàn. Ó wo ìgò, ó wo rúlà bàbá rẹ̀. Ó wọn gíga ìgò láti ìdí dé ọrùn: sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìndínlógún gééré. Pín in sí ọ̀nà mẹ́jọ. Sẹ̀ǹtímítà méjì méjì, ọgbọ̀n mílílítà fún ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó fi kálàmù tí kì í parẹ́ fa ìlà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí àkàbà tí bàbá rẹ̀ kàn. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún.

"Ta ló wọ̀n ọ́n?" ni Àǹtí béèrè nígbà tó dé.

"Bàbá Kẹ́míìsì ni."

Irọ́ náà kò wúwo lẹ́nu rẹ̀ rárá. Orí ìbéèrè ìdánwò ni ọkàn rẹ̀ wà.

Lọ́jọ́ Rú, ní ọ̀sán, Alága mu ìwọ̀nba díẹ̀, ó sì yí orí. Ìlédìí tí Ìṣirò dì fún un láàárọ̀ ṣì gbẹ. Nígbà tó yá, ojú ọmọ náà pọ́n, ó ń fi gbogbo agbára yàgbẹ́, ohun tó sì jáde kò ju kóró mélòó kan tó le bí òkúta wẹ́wẹ́. Ìṣirò nù ún, ó gbé e sẹ́yìn, ó sì dìde dúró síwájú tábìlì kó lè máa kàwé lọ bó ṣe ń mì ín.

Ìbéèrè tó kàn lójú ìwé rọrùn. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan fẹ̀ lẹ́nu ju ìdí lọ. Bí omi bá dé ìdajì gíga rẹ̀, ṣé omi náà jẹ́ ìdajì gbogbo ohun tí bọ́kẹ́ẹ̀tì lè gbà?

"Rárá o," ni Ìṣirò sọ fún ìwé. "Ó dín. Ìsàlẹ̀ ló tín-ín-rín."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ìwé.

Ìgò Alága wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì. Ìdí rẹ̀ tín-ín-rín kí ọwọ́ lè dì í mú dáadáa. Bó ṣe ń lọ sókè ló ń fẹ̀ sí i.

Ife kékeré kan wà nínú páálí oògùn ikọ́ bàbá rẹ̀, èyí tó ń gba mílílítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àjà ni páálí náà wà láti oṣù tó kọjá. Ìṣirò sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó fọ ife náà, ó sì ń fi í bu omi sínú ìgò, ó ń kà. Bí ìlà kẹrin bá jẹ́ òótọ́, ife mẹ́jọ ni omi yóò fi dé ibẹ̀. Ife kẹfà ló débẹ̀.

Ṣíbí mẹ́rin nínú omi tó yẹ fún ṣíbí mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́rin ló ti ń fún ọmọ oṣù márùn-ún ní mílíìkì tó ki bí àtè, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, tó sì ń bínú sí i pé kò mu.

Ohun tó kọ́kọ́ dé sí Ìṣirò kì í ṣe ẹkún. Ìbínú ni. Ó bínú sí ìgò, ó bínú sí ẹni tó ṣe é ní irú ìgò bẹ́ẹ̀, ó bínú sí Àǹtí tó rán an níṣẹ́ nínú oòrùn. Lẹ́yìn náà ló da sípíríìtì tí wọ́n fi ń nu ọgbẹ́ sórí òwú, tó sì nu ìlà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi ọṣẹ fọ ìgò náà lẹ́ẹ̀mẹta. Yóò máa fi ife oògùn wọn omi láti òní lọ, ọmọ á máa mu, ọ̀rọ̀ á tán. Ta ni yóò mọ̀?

Kò tíì nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ tí Àǹtí fi wọlé. Ó ti tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. "Gbé e fún mi. Gbé ìgò náà dání. À ń lọ sílé ìwòsàn."

Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n wo ẹnu ọmọ, ó wo etí rẹ̀, ó fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀, ó sì béèrè iye ìlédìí tó tutù láti àárọ̀. Lẹ́yìn náà ló wo Àǹtí lójú. "Báwo lẹ ṣe ń po mílíìkì rẹ̀? Ó jọ pé ó ń ki jù. Omi ara rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀."

"Ṣíbí mẹ́rin sí ọgọ́fà, mà. Wọ́n wọ̀n ọ́n sára ìgò fún wa ní kẹ́míìsì."

"Ẹ jẹ́ kí n rí i."

Àǹtí na ìgò sí i. Ara rẹ̀ mọ́ féfé.

"Àwọn ìlà dà?"

"Wọ́n ti parẹ́," ni Ìṣirò sọ. Èyí wúwo lẹ́nu ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Nọ́ọ̀sì po òmíràn bó ṣe yẹ. Alága mu díẹ̀, ó sinmi, ó tún mu. "Ẹ tètè gbé e wá," ni nọ́ọ̀sì sọ. "Bí ìlédìí rẹ̀ kò bá tutù dáadáa kó tó di ọ̀la, ẹ gbé e padà wá kíákíá. Ẹ sì lọ sọ fún ẹni tó bá yín wọ̀n ọ́n pé ọmọ ènìyàn ló ń wọn oúnjẹ fún."

Kò yẹ kó sọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn. Àǹtí kò gba ilé lọ. Ó pọn ọmọ, ó ré ọ̀nà ńlá kọjá, Ìṣirò ń sáré tẹ̀lé e, ó ń wí pé, "Àǹtí, ẹ dúró ná," ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí wọ́n fẹ́ dúró gbọ́.

Ènìyàn mẹ́ta ló wà lórí ìlà ní ṣọ́ọ̀bù náà. Bàbá Kẹ́míìsì, tó fi òwú so apá kan ìgò ojú rẹ̀, ń ka oògùn sínú ọ̀rá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá," ni Àǹtí sọ, kò kúnlẹ̀. "Ẹ ti fẹ́ pa mí lọ́mọ."

Ọwọ́ bàbá náà dúró. "Èmi?"

"Ìgò tí àbúrò mi gbé wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ta ló wọ̀n ọ́n?"

"Mi ò rí ìgò kankan lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ìyá ọmọ."

"Ṣé àbúrò mi wá ń purọ́ mọ́ yín ni? Ọmọ tí kì í jáde nídìí ìwé?"

Obìnrin tó wà níwájú tẹ́lẹ̀ rọra gbé ọ̀rá oògùn tó ti gbà padà sórí káńtà. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ gba èyí. Mo máa lọ rà á níbòmíràn. Ọmọ ni mo fẹ́ lò ó fún."

Bàbá Kẹ́míìsì wo ọ̀rá náà. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n rí ìlà tí wọ́n ní mo fà." Àǹtí gbé ìgò náà kalẹ̀. Bàbá náà yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Kò sí ohun tó lè fi gba ara rẹ̀. Ó wá gbójú sókè, ó sì wo Ìṣirò. Kò pè é ní òpùrọ́. Ó kàn ń wò ó.

Ìṣirò mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, gbogbo rẹ̀ ti parí nìyẹn. Orúkọ bàbá yìí ni yóò san án.

"Èmi ni mo wọ̀n ọ́n," ló sọ.

"Kí lo wí?" ni Àǹtí béèrè.

"Mi ò dé ibí rárá. Rúlà Bàbá ni mo fi pín in. Ìgò náà kò dọ́gba, mi ò sì rò ó. Ọ̀sán yìí ni mo mọ̀, mo bá nu àwọn ìlà náà nù."

Àǹtí tún ọmọ pọ̀n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tú. "Ní ọ̀sán yìí lo ti mọ̀," ló sọ jẹ́jẹ́, ohùn jẹ́jẹ́ náà sì burú ju ariwo lọ. "O jókòó tì mí lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. O jẹ́ kí n wá síbí wá fi ojú àgbàlagbà gbolẹ̀. Má pè mí ní Àǹtí lónìí." Ó yíjú sí Bàbá Kẹ́míìsì, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. "Ẹ dárí jì mí, sà."

"Dìde, ìyá ọmọ. Ìwọ kọ́." Bàbá náà bọ́ ìgò ojú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ fún ọmọ yìí pé kò sí nǹkan. Nǹkan wà. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń wọn oògùn ládùúgbò yìí, ìṣẹ́jú márùn-ún lo fẹ́ fi ba orúkọ mi jẹ́. Inú bí mi. Má ṣe rò pé inú kò bí mi."

Obìnrin tó dá oògùn padà wú ikọ́. "Sà, ẹ bá mi gbé ọ̀rá mi padà."

"Ẹ lọ tò sẹ́yìn," ni Bàbá Kẹ́míìsì sọ. Ó gbé ife ìwọ̀n àti ìgò omi kan síwájú Ìṣirò. "Wọ̀n ọ́n. Níbí. Kí gbogbo wọn máa wò ọ́."

Ìṣirò bu ọgbọ̀n mílílítà, ó dà á, ó fa ìlà, títí ó fi di mẹ́jọ. Àwọn ìlà ìsàlẹ̀ jìnnà síra, àwọn ti òkè sì sún mọ́ra. Wọn kò lẹ́wà tó ti rúlà. Òtítọ́ ni wọ́n.

Ó ṣe ìdánwò rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ìbéèrè nípa bọ́kẹ́ẹ̀tì kò jáde. Ìlédìí Alága ti ń tutù padà láti ọjọ́ kejì, nígbà tó sì fi máa di ọ̀sẹ̀ kan, ó ti ń mu ìgò rẹ̀ gbẹ. Àmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, Àǹtí kò jẹ́ kí ẹlòmíràn po mílíìkì ọmọ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn kọ́ Ìṣirò ní ohun tí kò sí nínú ìwé rẹ̀ kankan. Àṣìṣe lásán ni ìlà mẹ́jọ náà, ife oògùn kan ti tó láti tún un ṣe. Irọ́ tó fi bò ó ló kó wàhálà bá aláìṣẹ̀, ìbínú tó ń tú sórí gbogbo ènìyàn ni kò sì jẹ́ kó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹni tó bá ṣàṣìṣe, kó tètè sọ ọ́ kó tó di pé ẹlòmíràn ń jìyà rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ kẹta, Àǹtí ti agolo mílíìkì sọ́dọ̀ rẹ̀ lórí tábìlì. Ìṣirò pò ó, ó sì gbé e fún un. Àǹtí gbé ìgò sókè sójú ìmọ́lẹ̀.

"Ta ló wọ̀n ọ́n?"

"Èmi ni."

Àǹtí wò ó pẹ́ díẹ̀, ó sì ki ìgò bọ Alága lẹ́nu. Ọmọ náà mu ún gbẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀.